Kápẹ́ẹ̀tì Tí Mo Tẹ́ Sínú Píkọ́ọ̀pù Wa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ èébú náà.

Iṣẹ́ rírán ìjókòó ọkọ̀ ni mo ń ṣe. Bí awọ ìjókòó yín bá ya, tàbí tí ilẹ̀ inú ọkọ̀ yín bá ń fẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun, ọ̀dọ̀ irú èmi lẹ ó gbé e wá. Ọwọ́ mi dá múṣémúṣé, n kò ní purọ́ ìrẹ̀lẹ̀ fún yín. Òwú pupa ni mo fi ń pa etí gbogbo iṣẹ́ mi, ní ìsàlẹ̀ níbi tí ojú oníbàárà kò dé, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé iṣẹ́ oníṣẹ́ wá bá mi jà.

Ṣùgbọ́n ohun tó gba ọkàn mi kì í ṣe ìránṣọ. Eré ìje ọkọ̀ ni. Mo ní ọkọ̀ pẹ́ńpé kan tí mo ti tú inú rẹ̀ dànù, tí mo gé níhìn-ín, tí mo jó irin mọ́ lọ́hùn-ún, tí mo sì fi ń díje ní pápá eré ọkọ̀. Kò sí èrè níbẹ̀ ju ife irin àti àtẹ́wọ́ lọ. Àwọn ọkùnrin tí a jọ ń sáré kọ́kọ́ ń pè mí ní Màmá. Nígbà tí mo yọ wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, wọ́n yí i padà, wọ́n ń pè mí ní Iná. Orúkọ yẹn dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ kó dùn mọ́ ìyá ọmọ lọ.

Ọkọ mi ní tirẹ̀ kì í sáré. Ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ń wà, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kó, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Pẹ̀lẹ́. Ó lè dá ọkọ̀ dúró kí adìyẹ sọdá, kó tún wò bóyá ọmọ adìyẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí mo bá ń kánjú, á ní, "Ìyá Ìbejì, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Èmi náà á ní, "Ohun tí ẹ bá fẹ̀sọ̀ wà kì í tètè dé." Àwọn ìbejì wa, tí wọ́n ti dàgbà tí wọ́n ti lọ sí yunifásítì, á máa fi wá rẹ́rìn-ín.

Ọkọ̀ eré kò gbọdọ̀ rin títì. Kò ní iná, kò ní nọ́ńbà, ariwo rẹ̀ sì lè jí òkú. Orí pẹpẹ onítáyà la máa ń gbé e sí, a ó wá so pẹpẹ náà mọ́ ìdí ọkọ̀ ńlá tí yóò fà á lọ. Ọ̀rẹ́ wa kan ló máa ń yá wa ní ọkọ̀ ńlá tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà kó lọ sí ìlú mìíràn, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, nígbà tí ìdíje tó kẹ́yìn ọdún ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí èmi sì wà ní ipò kejì. Ipò kejì, ẹ̀yin èèyàn mi! Díẹ̀ báyìí ni ẹni tó wà níwájú fi jù mí lọ.

Bí èmi àti ọkọ mi ṣe gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta àlòkù ọkọ̀ lọ nìyẹn.

Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Ó lè fi ẹ̀rín ta ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Píkọ́ọ̀pù méjì ló wà nílẹ̀ tó lè fa ẹrù wa. Àkọ́kọ́ jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, ara rẹ̀ ti họ, àwọn tó ń gbẹ́ kànga ló sì lò ó rí. Ọkọ mi dùbúlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀ pẹ́.

"Èyí ló máa ṣe é," ó ní bó ṣe ń gbọn eruku. "Ó wúwo, bíréèkì rẹ̀ sì dáa. Tá a bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹrù tó wà lẹ́yìn á fẹ́ máa tì wá. Ó yẹ kí ohun tó wà níwájú lè dá a dúró."

"Bàbá Ìbejì, èyí? Ọkọ̀ tó fajú ro báyìí? A ò tíì débẹ̀ tí wọ́n á fi máa kí wa kú ara fẹ́ra kù."

Ó rẹ́rìn-ín. Ojú mi ti wà lára èkejì.

Èkejì jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Ó ga, ó ń dán, ìjókòó rẹ̀ jẹ́ awọ dúdú gidi. Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín tan án, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bú ramúramù, àyà mi sì dáhùn. Mo ti ń rí ara mi tí mo ń gúnlẹ̀ sí pápá nínú rẹ̀, tí gbogbo ojú ń yí sí wa. Àwa tí a ń sáré, ohun tí a máa ń bi ọkọ̀ ni pé báwo lo ṣe ń lọ. A kì í bi í pé báwo lo ṣe ń dúró.

Ọkọ mi wo aago. "Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ máa jáde láìpẹ́, mo ní láti lọ kó wọn. Ìwọ yẹ ti búlúù yẹn wò. Ojoojúmọ́ lo ń tú inú ọkọ̀. Ohun tí o bá sọ nípa ẹ̀ ni màá gbà."

Ó lọ. Ó fi èmi àti búlúù sílẹ̀.

Mo wọ inú rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Òórùn lọ́fínńdà gba gbogbo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n imú oníṣẹ́ ọwọ́ kì í tàn án jẹ: lábẹ́ lọ́fínńdà yẹn, mo gbóòórùn omi tó ti pẹ́ nílẹ̀. Mo tẹ̀ síwájú, mo fa etí kápẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀.

Ilẹ̀ ọkọ̀ náà ti dógùn-ún. Mo fi ìka tẹ irin náà, ìka mi sì bá a lọ. Nínú ihò tí mo ṣe, mo rí ṣáàsì, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ dúró. Àpá kan dá a bú láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó nípọn, kò gún, wọ́n sì ti kun ọ̀dà dúdú lé e.

Mo gbójú sókè. Ẹlẹ́rìn-ín wà lẹ́nu fèrèsé. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Màdáámù, ẹ ti rí i."

"Kí lèyí?"

Ó wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Ó ti ní jàǹbá rí. Wọ́n gé ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn, wọ́n jó o mọ́ ọn. Àmọ́ ẹni tó jó o mọṣẹ́, mo fi Ọlọ́run búra. Ibi tí wọ́n jó yẹn ló máa kẹ́yìn láti ṣẹ́."

"Mo fẹ́ fi fa ẹrù ni o. Ọkọ̀ eré ni."

"Ẹ̀ẹ́n! Ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ ń sáré ọkọ̀?" Ẹ̀rín rẹ̀ padà wá. "Ẹ wá dá mi lóhùn. Ọkọ̀ tí ẹ fi ń sáré yẹn, ṣé kò síbi tí wọ́n gé tí wọ́n jó lára ẹ̀?"

Ibi tí wọ́n jó lára rẹ̀ pọ̀ ju ibi tí wọn kò jó lọ.

"Ṣé ó ti já lábẹ́ yín rí?"

Kò tíì já rí. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Ẹlòmíràn ì bá sá jáde nínú ọkọ̀ náà. Èmi tí mo ti ń sáré kiri lórí irin tí wọ́n jó, mo kàn mi orí ni. Mo gbàgbé pé ara rẹ̀ nìkan ni ọkọ̀ eré mi ń gbé, àti pé orí pápá tó tẹ́jú ló ti ń yí po.

Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́, ọkùnrin kan wọlé, ó ń fi ẹsẹ̀ ta táyà búlúù. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan ti mú èyí?" ó bi Ẹlẹ́rìn-ín.

Ẹnu mi yára ju orí mi lọ. "Mo ti mú un."

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Mo ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Báwo ni?" ó bi mí.

"Ó dáa. Òun ni ká mú."

"O wo abẹ́ ẹ̀?"

"Mo wo abẹ́ ẹ̀."

Òótọ́ ni, àbí? Mo wò ó. Mo gbá òótọ́ náà mú bí ẹni gbá igi mú lójú àgbàrá.

"Ó ti parí nìyẹn," ó ní. "Rọra máa wà á bọ̀ o."

N kò wà á lọ sílé. Ṣọ́ọ̀bù mi ni mo gbà lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo tú kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dànù, mo gé irin pẹlẹbẹ bo ihò náà, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Mo wá mú kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù, mo gé e, mo rán etí rẹ̀ yí ká, mo sì tẹ́ ẹ kó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, iṣẹ́ náà dára. Mo tilẹ̀ kọrin nígbà tí mo ń ṣe é.

Nígbà tí ọkọ mi rí i, ó fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ níta kó tó wọlé sínú rẹ̀. "Kápẹ́ẹ̀tì tuntun! Ìyá Ìbejì, o mà ṣe mí bí ọba!"

"Tí mi ò bá ṣe yín bí ọba, ta ni kí n ṣe?"

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ra kápẹ́ẹ̀tì náà, inú rẹ̀ ń dùn. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo ń wo ẹsẹ̀ náà, inú mi kò dùn mọ́. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi, àmọ́ mo pè é ní àárẹ̀.

Ilẹ̀kùn awakọ̀ ló kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í há. Tí ọkọ mi bá fẹ́ tì í, ó ní láti gbé e sókè díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi pè mí síta ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó ki ìka rẹ̀ bọ àlàfo tó wà láàárín orí ọkọ̀ àti ẹ̀yìn tó ń gbé ẹrù.

"Wo ibí yìí. Nígbà tá a rà á, ìka kan ló ń wọ̀ ọ́. Wò ó báyìí, méjì ti ń wọ̀ ọ́."

"Oòrùn ni. Irin máa ń wú."

"Irin tó bá wú, ṣé àlàfo ẹ̀ kọ́ ló yẹ kó dín kù?"

"Bàbá Ìbejì, ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lẹ ń wà o, ẹ kì í ṣe ẹnjiníà."

Mo fi ṣe àwàdà. Ó rẹ́rìn-ín nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Ó tún wo àlàfo náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá ní, "Màá gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kó bá mi wo abẹ́ ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká sáré tán ná," mo yára sọ. "Ìdíje ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Tí wọ́n bá tú u báyìí, wọ́n lè má tètè tò ó padà. Tá a bá ti dé ni kẹ́ ẹ gbé e lọ."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ẹ ò rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ? Irọ́ àkọ́kọ́ kéré, ìdajì òótọ́ ló jẹ́. Àmọ́ ó ń bímọ.

Mo gbìyànjú àtisọ ọ́. N kò fi ìyẹn wá ojú rere yín, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni. Lẹ́yìn tí a jẹun tán lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdíje, mo jókòó tì í, mo ní, "Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ kan wà."

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ó ní, ó sì di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀rù ìdíje ló ń bà ọ́. O ò rí oorun sùn láti ọjọ́ mélòó kan. Fi ọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé ọ débẹ̀ láyọ̀, tìẹ ni kó o sáré."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Òwúrọ̀ ìdíje, ojú ọjọ́ ṣú dẹ̀dẹ̀ ṣùgbọ́n òjò kò rọ̀. A gbé ọkọ̀ eré sórí pẹpẹ, a fi okùn dè é, a so pẹpẹ náà mọ́ ìdí búlúù. Bí ẹrù náà ṣe jókòó lé e, mo gbọ́ kẹ́ẹ́ lábẹ́ ọkọ̀.

"O gbọ́ yẹn?" ọkọ mi bi mí.

"Okùn ni."

Mo ní kí n wà á. Ó kọ̀. "Ẹni tó fẹ́ sáré kì í kọ́kọ́ rẹ ara ẹ̀. Jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi."

Mo jókòó. Nínú gbogbo ìrìn àjò yẹn, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Mo ń fi ẹsẹ̀ gbọ́ràn ni. Kápẹ́ẹ̀tì tí mo fi ọwọ́ ara mi tẹ́ ń gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi. Nígbà tí títì bá dára, ó máa ń gbọ̀n díẹ̀. Nígbà tí a bá wọ kòtò, ó máa ń gbé sókè, kó tó tún balẹ̀. Ọkọ mi ń fi fèrè ẹnu kọrin.

"Ẹ rọra wà á," mo ní.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń sọ fún ta ni? Iná ló ń sọ fún Pẹ̀lẹ́ pé kó rọra? Ayé ti dàrú!"

Ọ̀nà pápá eré gun orí òkè kan, ó wá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, ó gùn lọ réré. Nígbà tí a dé orí rẹ̀, mo rí bó ṣe dà sísàlẹ̀.

"Ẹ dúró."

"Kí ló dé?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àyè nìyẹn. Ó ti ń tẹ bíréèkì, ó ti ń ya sí ẹ̀gbẹ́ títì. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà wá là.

"Mo fẹ́ tọ̀," mo ní.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ sẹ́yìn igbó, n kò tọ̀. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ bíi pé mo fẹ́ so okùn bàtà mi, mo wo abẹ́ ọkọ̀. Àpá náà ti la ẹnu. Mo rí ojú ọ̀run ní òdìkejì rẹ̀.

Mo wọlé padà. Mo ti ilẹ̀kùn.

Mo ti bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀ títí ó fi sú mi. N kò fẹ́ kú. N kò fẹ́ kí ọkọ mi kú. Ìtìjú ni. Mo rò ó pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan péré ló kù, pé tí ó bá gbé wa dé ìsàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ láéláé. Mo fi ẹ̀mí wa méjèèjì wewu kí ojú má baà tì mí.

"Ṣé ká máa lọ?" ó ní.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

A kò tíì dé àárín rẹ̀ tí pẹpẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá. Ọkọ mi tẹ bíréèkì. Mo gbọ́ kẹ́ẹ́, mo sì tún gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí igi ńlá bá ṣẹ́. Ilẹ̀ ọkọ̀ gbé sókè lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Orí ọkọ̀ doríkọ ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ń gun orí wa bọ̀, ọkọ̀ eré sì ń ti gbogbo rẹ̀ síwájú.

Ọkọ mi kò pariwo. Àwọn èèyàn wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti pín. Ó di sítíárì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó tọ́ wa kúrò lọ́nà wọn, ó fi wá lu òkìtì ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, èjìká mi ń dùn mí, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yíjú sí ọkọ mi. Irin ilẹ̀ ọkọ̀ ti ká, ó ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún mú láti orúnkún sísàlẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ọ́?" ohun tó kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

Àwọn panápaná dé. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin síngbọnlẹ̀ kan tó ní irùngbọ̀n funfun, wọlé dé ibi ẹsẹ̀ náà. Ó ní àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya kápẹ́ẹ̀tì kúrò kí àwọn tó lè gé irin. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó ń ya á, ó ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ jà.

"Ẹ wò ó! Ilẹ̀ ti jẹrà tán, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ ọn, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun lé e. Ta ló ṣe èyí? Ẹni tó ṣe èyí, apààyàn ni."

Ó fa èyí tó ya náà sókè, ó jù ú sórí itan ọkọ mi kó lè rí àyè. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló kọjú sókè. Etí rẹ̀ pupa yòò.

Ọkọ mi ń mí gúlegúle. Òógùn bò ó lójú. Mo rí i tó gbé etí kápẹ́ẹ̀tì náà sókè, tó fi àtàǹpàkò tọ ojú òwú náà lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ìyá Ìbejì."

Mo na ọwọ́ kí n gba kápẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òwú rẹ nìyí."

"Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ẹsẹ̀ yín..."

"Ìgbà wo lo rí i?"

Ọ̀gá panápaná ti dúró. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo èmi àti ọkọ mi.

"Kí n tó rà á," mo ní.

"Kó o tó rà á." Ó sọ ọ́ tẹ̀ lé mi wẹ́rẹ́, bí ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní ìwé. "Nígbà tó o ní o fẹ́ tọ̀ ńkọ́?"

Omijé ni mo fi dá a lóhùn. Ó yí ojú rẹ̀ kúrò lára mi, ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tí wọ́n ń gé irin tó di ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó ń dun ún wọra, ọwọ́ ọ̀gá panápaná ló dì mú. Mo na tèmi sí i. Kò rí i, tàbí kò fẹ́ rí i.

Àwọn dókítà kò gé ẹsẹ̀ náà. Wọ́n to eegun rẹ̀, wọ́n fi irin sí i. Ṣùgbọ́n orúnkún náà kò ní ká mọ́, ẹsẹ̀ tí kò sì lè ká kò lè tẹ bíréèkì. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ náà ya àwòrán ránṣẹ́ sí i. Ó fi wọ́n sábẹ́ ìrọ̀rí, kò tíì lè wò wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, wá sí ọsibítù. Àǹtí la máa ń pè é. Kò tíì jókòó tó fi béèrè pé, "Ta ló yẹ ọkọ̀ yìí wò kẹ́ ẹ tó rà á?"

Mo la ẹnu. Ọkọ mi ṣáájú mi.

"Èmi ni, Àǹtí."

"Ìwọ? Ìwọ tó máa ń wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó o tó sùn?" Àǹtí bú sẹ́kún. "Irú àìbìkítà wo rèé? O fẹ́ pa ìyàwó wa, o fẹ́ sọ àwọn ọmọ di aláìlóbìí!" Ó wá gbá mi mọ́ra. "Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó wa. Má bínú sí i."

Mo dúró sínú àyà rẹ̀ bí igi gbígbẹ. Nígbà tó lọ tán, mo kúnlẹ̀ síbi ibùsùn ọkọ mi, mo ní, "Ẹ ṣeun."

"Má dúpẹ́," ó ní. "Òun ló tọ́ mi. Mi ò fẹ́ kó kórìíra ìyá àwọn ọmọ mi. Torí tiwọn ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀."

Kò pariwo mọ́ mi rí. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

A ti padà sílé báyìí. Mo ta ọkọ̀ eré mi fún ẹni tó fẹ́ tú u palẹ̀, n kò sì béèrè ẹni tó gba ife ọdún náà. Ṣé ẹ̀kọ́ lẹ fẹ́? Tí ẹ bá fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù àlòkù tí yóò máa fa ẹrù, ẹ má wo bó ṣe ń dán. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Tí ẹ bá sì rí ohun tí ẹ kò fẹ́ rí, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá dá dúró di ọ̀la, wúwo ni yóò máa wúwo sí i, títí ẹnu yín kò fi ní lè gbé e mọ́.

Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn yìí láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ẹ̀ ń rí mi, àmọ́ n kò ní ìgboyà láti sọ ọ́ lójú yín. Àbúrò yín kọ́ ló yẹ ọkọ̀ náà wò. Èmi ni. Ẹ bẹ̀ ẹ́ nítorí èébú tí ẹ bú u.

Ó ń lo oògùn ìrora lẹ́yìn oúnjẹ. Láàárọ̀ yìí, mo yọ oògùn náà sílẹ̀ bí dókítà ṣe wí, mo gbé e fún un pẹ̀lú omi.

"Méjì ni," mo ní. "Mo ti kà á."

Ó na ọwọ́ sí páálí oògùn náà. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó fi sójú, ó ka ara páálí náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yí i padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gba oògùn lọ́wọ́ mi. Bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Kì í fi ìbínú ṣe é. Mo máa ń dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́ títí yóò fi kà á tán.